Sàráà Ta Ni Ò Ń Jẹ Káàkiri Ayé?

Ilé Àlímì Oníṣẹ́ Igi,
Bàrígà.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ọdún 2003.

Rilwan Àjàní, ọmọ mi,

Àsàláámù àlékúmù. Mo kí ọ ní kíkí ẹni tó wà nílẹ̀, mo sì tún kí ọ ní kíkí ẹni tó wà lókè, nítorí n kò mọ èyí tí o máa jẹ́ nínú méjèèjì nígbà tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ọlọ́run Ọba tó ń gbé ẹyẹ dúró lójú òfuurufú láìsí òpó, òun ni yóò máa gbé ìwọ náà ró. O kò ní jábọ́. Afẹ́fẹ́ kò ní gbé ọ sọnù. Àmín. Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà, a ń jẹ, a ń mu, orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, Modinat àbúrò rẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà láàyè wọn.

Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí, má wò ó pé ọwọ́ rẹ̀ wọ́. Bàbá rẹ ló san owó ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ ní Ṣómólú nígbà náà, ó ní kí n má baà máa gbé ọ̀rọ̀ inú mi fún ẹlòmíràn kọ. Ọ̀rọ̀ tòní yìí kì í ṣe èyí tí Modinat lè bá mi kọ, nítorí yóò yọ gbogbo ibi tó le kúrò níbẹ̀, yóò wá ku ìkíni nìkan.

Ìdìbò ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èyí ni àkọ́kọ́ láti ìgbà tí àwọn sójà ti padà sí bárékè, àwọn olóṣèlú sì ti lẹ àwòrán ara wọn mọ́ ògiri wa débi pé n kò rí nọ́ńbà ilé mọ́. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú kò sinmi tọ̀sán-tòru. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà máa ń rẹ́rìn-ín sí mi láràárọ̀ bí mo bá ń gbálẹ̀, mo sì máa ń kí i pé ẹ káàárọ̀ sà, nítorí ó dàbí ẹni tó jù mí lọ, àti nítorí pé òun nìkan ni ọkùnrin tó ń yọjú sí mi lójoojúmọ́.

Ìwé rẹ dé, àwòrán mẹ́fà tí o fi sínú rẹ̀ náà dé. Japhet, awakọ̀ ilé iṣẹ́ yín, ló gbé e wá láti ilé rẹ ní Ìkòyí. Mo fún un ní omi, mo bi í pé báwo ni ọ̀nà ti jìn tó, ó ní ogójì ìṣẹ́jú ni òun fi gba orí afárá dé ọ̀dọ̀ wa, òun sì dúró ra búrẹ́dì lọ́nà. Mo ní kí ó tún un sọ, ó tún un sọ. Ogójì ìṣẹ́jú, pẹ̀lú búrẹ́dì.

Mo wá ka ìwé náà. O ní ilé iṣẹ́ yín tó ń ri òpó tẹlifóònù rán ọ yí ayé po láti lọ wo irin, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Dùbáì, dé Singapọ̀, dé Sídínì, dé Lọs Ánjẹ́lìsì, kí o tó padà. O ní iwájú ni wọ́n fi ọ́ sí nínú ọkọ̀ òfuurufú, níbi tí wọ́n ń pè ní bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì, lọ́dọ̀ àwọn ẹni ńlá. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Jẹ́ kí n wá bèèrè ohun tí mo fẹ́ bèèrè.

Ta ni obìnrin yẹn? O kọ ọ́ pé ó gba kóòtù lọ́rùn rẹ, ó gbé e kọ́, ó mú tówẹ̀lì gbígbóná wá kí o fi nu ojú, ó bi ọ́ pé kí lo fẹ́ jẹ, nígbà tí oorun dé ó sọ àga rẹ di ibùsùn, ó sì fi aṣọ bò ọ́ títí dé ọrùn. Ọmọ ta ni? Ṣé Zeenat ìyàwó rẹ mọ̀ ọ́n? Mi ò bínú o, inú mi ni kò dùn. Odindi ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń fi aṣọ bò ọ́ lóru, tí ò ń fi ẹsẹ̀ ta á dànù, o kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ọjọ́ tí ibà mú ọ tí mo fi tówẹ̀lì gbígbóná nù ọ́ lójú, igbe tí o ké, àwọn tó wà ní Igbóbì gbọ́ ọ. Òun wá fi tiẹ̀ nù ọ́, o ní ó tù ọ́ lára.

Àga tó ń di ibùsùn náà, kí ló jẹ́ tuntun níbẹ̀? Àga ìrọ̀gbọ̀kú bàbá rẹ ń kọ́? Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ fi gbẹ́ igi ìtìlẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní ọsibítù Igbóbì, ọjọ́ tí ó sì ráyè gbẹ́ nǹkan fún ara rẹ̀, àga yẹn ló kàn. Bí o bá fi igi rẹ̀ há ihò kìíní, ó jókòó. Ihò kejì, ó rọ̀gbọ̀kú. Ihò kẹta, ó sùn gbalaja. Orí àyà bàbá rẹ nínú àga yẹn lo ti kọ́kọ́ sun oorun tí o kò ké. Kò sì sí ẹni tó ní kí o so ìgbànú mọ́ ara.

Ṣùgbọ́n àwòrán kẹta ló yà mí lẹ́nu jù. O ní ibi tí ẹ ti ń dúró de ọkọ̀ ni, láúǹjì ni wọ́n ń pè é. Mo gbé awò ojú mi, mo wò ó títí. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì gbọọrọ, ìrẹsì wà lórí rẹ̀, ẹran wà, ẹja wà, èso tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ náà wà. Aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn gbogbo àwọn tó jókòó. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù sorí kọ́, ọ̀kan tilẹ̀ fi ìwé ìròyìn bo ojú bí ẹni tí kò fẹ́ ká rí omijé òun. O wá kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń sanwó, kí èèyàn ṣáà máa bù ni. Àjàní, mo ti dàgbà, mo mọ ilé ọ̀fọ̀ bí mo bá rí i. Sàráà òkú ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ta ló kú?

Mo wo ti Dùbáì, mo wo ti Singapọ̀, bákan náà ni. Olóògbé náà ní láti jẹ́ èèyàn ńlá, tí wọ́n ń ṣe sàráà rẹ̀ ní ìlú márùn-ún, tí ìrẹsì kò sì tán. Mo gbé àwòrán náà tọ Alfa Àyúbà lọ ní mọ́ṣáláṣí wa. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní ìdílé náà ṣe é ṣàánú fún, ó sì ní kí n bá òun bi ọ́ ní orúkọ òkú náà, àti bóyá mùsùlùmí ni tàbí onígbàgbọ́, kí adúà má baà ṣìnà. Jọ̀ọ́, fi orúkọ náà ránṣẹ́. Ǹjẹ́ o tilẹ̀ kí àwọn olóòkú kí o tó máa bu oúnjẹ? O kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé o kí wọn, ojú sì tì mí. A kì í jẹ oúnjẹ ilé ọ̀fọ̀ ká má kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Òótọ́ ni, mò ń jowú, n kò ní fi bò. Èmi tí mo fi ogójì ọdún bá bàbá rẹ gbé láìsí orogún, ìgbà tí mo darúgbó tán ni mo wá di òjòwú, pápákọ̀ òfuurufú ló sì wá di orogún mi. O ní bí o bá ṣe ń rìn jìnnà sí ni wọ́n ń ka máìlì fún ọ, tí máìlì bá sì pọ̀, wọn a tún gbé ọ lọ sí ibòmíràn lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí mo fi gbàgbé omi lórí iná. Àṣé wọ́n ń bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀ kí o má wálé ni. Ó dáa, èmi náà yóò máa ka tèmi fún ọ. Bí o bá wá lẹ́ẹ̀kan, ẹja òbòkún kan láti ọwọ́ àwọn Ìlàjẹ etí ọ̀sà. Bí o bá wá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, n óò dárí àwo tánganran tí o fọ́ nígbà tí o wà ní kíláàsì kejì jì ọ́. O tún ní wọ́n ń fún yín ní fọ́ọ̀mù nínú ọkọ̀, kí ẹ kọ ohun tí ẹ bá wá àti iye ọjọ́ tí ẹ máa lò. Ìwà wo nìyẹn? Àlejò kò tíì wọlé, wọ́n ti ń bi í pé ìgbà wo ni yóò lọ. Kò sí fọ́ọ̀mù nílé yìí.

Màmá Ezekiel tó gba yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ wa, o mọ̀ ọ́n. Ezekiel ọmọ rẹ̀ ń lẹ táyà ní Onípànu, ibi tó sì jìnnà jù tí mo gbọ́ pé ó dé lọ́dún yìí ni Palmgrove. Ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, yóò wọlé tòun ti ọwọ́ dúdú, yóò dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, yóò fa àpótí sún mọ́ ìkòkò, wọn a wá máa rẹ́rìn-ín ohun tí n kò gbọ́. Mo gbé àwòrán rẹ lọ bá obìnrin náà, kí n má purọ́, kí n lè fi ṣe fọ́ńté ni. Mo ka orúkọ ìlú márààrún sí i létí, mo tún un kà. Ó yìn ọ́, ó bá mi dúpẹ́ tọkàntọkàn, kò sí ìlara kankan lójú rẹ̀, èyí gan-an ló sì bí mi nínú. Ó wá bèèrè pé nígbà tí o wá kí mi, ṣé o ti sanra sí i. Mo ní ọbẹ̀ mi ń jó, mo sá wọlé. Kò sí nǹkankan lórí iná.

Rilwan, o jẹ sàráà òkú olókùú ní ìlú márùn-ún, o kò jẹ ti bàbá rẹ. Ọjọ́ tó kú, Lọ́ńdọ̀nù lo wà, a sì gbọ́dọ̀ sin ín lọ́jọ́ náà, n kò bá ọ wí. Ọjọ́ kẹjọ, o ní ìpàdé wà. Ogójì ọjọ́, o tún wà lókè. O rán màlúù wá, Ọlọ́run yóò san án fún ọ, màlúù náà sanra, gbogbo àdúgbò jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Alfa Àyúbà ní kí dáwódù Àlímì bọ́ síwájú kí òun ṣe adúà lé e lórí, màlúù kò lè bọ́ síwájú. Ó pe orúkọ rẹ lọ́jọ́ kẹjọ, Modinat ló lọ kúnlẹ̀. Ó tún pè é ní ogójì ọjọ́, mo ní o wà lọ́nà. Mo purọ́ níwájú adúà.

Ní oṣù tó kọjá tí o pè mí lórí fóònù Modinat láti pápákọ̀, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan lẹ́yìn rẹ tó ń pe orúkọ ẹnìkan. Mo bèèrè pé ta ló sọnù. O rẹ́rìn-ín, o ní arìnrìn-àjò kan ló pẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń pe èèyàn, bí kò bá dáhùn ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọn a já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, wọn a ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí, ni bàbá rẹ pé ọdún kan. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Alfa Àyúbà yóò pe orúkọ rẹ. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyẹn.

Mo ti múra. Ọláwuyì tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ ti fi aṣọ tuntun sí àga bàbá rẹ, mo sì ń lé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀. Mo ti ra tówẹ̀lì méjì. N óò gba kóòtù rẹ, n óò gbé e kọ́, n óò bi ọ́ pé kí lo fẹ́ jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹni tí kò bí ọ ṣe, tí o fi kọ ojú ìwé méjì, kò ní ṣòro fún èmi.

Owó ló kù. Fi owó àpò ìrẹsì méjì àti ti àga tí a máa háyà rán Japhet, má fi ti báǹkì ṣe. Ọmọbìnrin inú báǹkì ní kí n lọ mú àwòrán ara mi wá kí òun lè mọ̀ pé èmi ni mí. Mo dúró níwájú rẹ̀ o, ó ní àwòrán lòun fẹ́. Mo rántí ìwọ àti àwòrán mẹ́fà rẹ. Má rán màlúù lọ́dún yìí. Zeenat sì ti sọ fún mi pé o kì í rin ìrìn-àjò tí ẹlòmíràn kò bá san owó rẹ̀, nítorí náà mo ti san tìrẹ. Àádọ́ta náírà mẹ́ta wà nínú ìwé yìí, ó tó láti Ìkòyí dé Bàrígà, yóò sì ṣẹ́kù tí o máa fi ra ẹ̀pà. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá òsì. Bí ẹ bá ń gba orí afárá, máa wo ìhà ilẹ̀, n óò sá jalabíà funfun bàbá rẹ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí o lè mọ ilé.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, pàápàá jù lọ àbọ̀ rẹ. Ibi gíga tí o dé, ẹsẹ̀ rẹ yóò máa rántí ilẹ̀. Àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò dáhùn nígbà tí wọ́n bá pè wọ́n lórúkọ rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sàwúdátù.

Mo gbàgbé: bí o bá dé, má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ ló ṣe é, láti ìgbà tó sì ti kú ni kò ti ń tì dáadáa mọ́. Káfíńtà fẹ́ wá tún un ṣe láàárọ̀ yìí. Mo ní kí ó dúró títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ná.