Ọjọ́ Méje Létí Òkun: Ìtàn Ìyá Wa, Ràúdátù Àdùnní

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé Àṣàkẹ́-ọ̀run, ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn kan ti ní kí àwa ọmọ má fi ọ̀rọ̀ òkun sínú ìwé yìí. A gbọ́. A sì fi sí i.

Òkèlele ní Ìlọrin ni wọ́n ti bí Ìyá wa, Ràúdátù Àdùnní, ní nǹkan bí ọdún 1880. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Bàbá wọn ni Àáfà Garba, ọmọ ilé Fúlàní tí kò gbọ́ èdè mìíràn mọ́ ju Yorùbá àti Lárúbáwá inú Kùránì lọ. Ìyá wọn ni Asabe, amọ̀kòkò, ọmọ amọ̀kòkò. Ìyá wa ti ń mọ ìkòkò fúnra wọn nígbà tí àwọn òyìnbó yìnbọn wọ ìlú ní 1897.

Ilé kéú bàbá wọn ni wọ́n lọ. Wọ́n parí Kùránì, wọ́n sì ṣe wòlímọ̀ wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní 1899, nígbà tí wọ́n fẹ́ bàbá wa, Àbdùlkàrímù Àdìsá, ahunṣọ òfì. Iṣẹ́ ìkòkò ni Ìyá wa ṣe dọ́jọ́ ikú. Ẹni tó bá ti rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ mọ̀ pé ìkòkò kì í yí fún wọn. Àwọn ni wọ́n ń fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, títí ètè rẹ̀ yóò fi gún. Wọn kì í bínú sí ìkòkò tó bá sán. Èèyàn tó bá fẹ́ fi tipá mú wọn ni wọ́n ń bínú sí.

Ní 1910 ni bàbá wa kú. Múdàṣírù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, Hàlímọ̀tù méje, Wàhábì márùn-ún, Naimat ṣì wà lẹ́nu ọmú. Nígbà tí Ìyá wa parí tákàbá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí opó fi ń jókòó sílé, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, Bàbá Gàní, ní àwọn yóò ṣú wọn lópó gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ìyá wa ní àwọn kò fẹ́. Wọ́n ní ẹ̀sìn kò ní kí a fi tipá fẹ́ opó, ọkàn àwọn kò sì sí níbẹ̀. Bàbá Gàní ní kò burú, ṣùgbọ́n ilé bàbá ló ni ọmọ. Bí wọ́n ṣe pín wa bí ẹran Iléyá nìyẹn. Múdàṣírù lọ sídìí òfì Bàbá Gàní, Hàlímọ̀tù lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa obìnrin ní Ọ̀fà, Wàhábì lọ sóko ní Òkè-Oyi. Wọ́n ní kí Naimat já lẹ́nu ọmú ná, kí wọ́n tó wá mú un.

Ìyá tó bí mẹ́rin, tí kò lè rí ẹyọ kan láìtọrọ àyè! Àwọn tó ń sọ pé àṣà ni, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ro ara wọn wò. Ìyá wa kò sunkún kiri ìlú. Wọ́n lọ ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà lémọ́ọ̀mù àdúgbò lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ọjọ́ mọ́kànlá gbáko, títí lémọ́ọ̀mù fi ránṣẹ́ pe Bàbá Gàní. Àdéhùn tó jáde níbẹ̀ ni pé lọ́dọọdún, lẹ́yìn Iléyá, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò wà lọ́dọ̀ ìyá wọn fún ọjọ́ méje. Bàbá Gàní rò pé Òkèlele ni. Ìyá wa mú ọ̀nà Èkó pọ̀n.

Rélùwéè ti dé Ìlọrin nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n Ìyá wa, Hàrúnà, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà l'Ékòó, ní ilé imọ̀ ọ̀pẹ kan lórí iyanrìn létí òkun. Ohun tó mú Ìyá wa yan ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Ní Ìlọrin, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọn ì bá ti ránṣẹ́ pé òfì ń dúró de Múdàṣírù, tàbí pé ewúrẹ́ Wàhábì já lókùn. Wọn kò lè ránṣẹ́ pe ọmọ létí òkun.

Ìrìn àjò àkọ́kọ́, ní 1911, kò fararọ. Láti ilé Bàbá Gàní ni wọ́n ti sọ fún Ìyá wa pé omi iyọ̀ kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá, pé gbogbo ìrun tí àwọn ọmọ bá kí níbẹ̀ yóò di òfo. Ìyá wa bá pọn omi odò Asa sínú ìkòkò méjì, wọ́n gbé e wọ rélùwéè. Ọ̀kan fọ́ kí a tó dé Òṣogbo, ó da omi sí oníṣòwò obì kan lẹ́sẹ̀. Èkejì gbẹ lọ́jọ́ kejì tí a débẹ̀. Bàbá Hàrúnà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi dìmú mọ́ ògiri, wọ́n wá mú Ìyá wa lọ bá àáfà kan tó ka hádíìsì fún wọn pé omi òkun mọ́ tónítóní. Láti ọjọ́ náà, òkun ni a fi ń ṣe àlùwàlá. Ìyá wa sì ránṣẹ́ kí ilé Bàbá Gàní, wọ́n ní kí wọ́n tún kéú kà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni a fi lọ. Lọ́dọọdún ni Wàhábì ń tọ́ omi náà wò, bóyá iyọ̀ rẹ̀ ti dín. Naimat ń sá fún ìhó omi bí ẹni pé ó fẹ́ gé e jẹ. Múdàṣírù ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, irùngbọ̀n ti ń yọ, síbẹ̀ Ìyá wa mú kànìnkànìn, wọ́n fọ ẹ̀yìn rẹ̀ lójú gbogbo ayé, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Tí a bá jẹun tán, wọn a máa sọ bí bàbá wa ṣe ń pa àwọn lẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni Naimat ti mọ bàbá rẹ̀.

Ní 1919, lọ́jọ́ kẹrin tí a débẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá pẹ̀lú àáké àti ìwé. Akọ̀wé wọn kà á sókè pé wọ́n fẹ́ máa kó òkúta síbẹ̀, pé kí gbogbo ilé orí iyanrìn di wíwó kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá Hàrúnà ti ń di ẹrù. Ìyá wa ń ro tùwó, wọn kò sì gbé orógùn sílẹ̀. Wọ́n ní: “Ọjọ́ méje ni mo gbà. Ọjọ́ kẹrin lòní. Ẹ wó ilé tí ẹ fẹ́ wó. Ẹ ò lè wó ọjọ́ mi.”

Wọ́n wó o. Ìyá wa ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, wọ́n so ìró méjì sí i lórí, abẹ́ rẹ̀ ni a wọ̀. Òjò pa wá lọ́jọ́ karùn-ún. Bàbá Hàrúnà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ, Naimat ti ń wúkọ́. Ìyá wa bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá a fẹ́ lọ. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní rárá, Naimat tó ń wúkọ́ ló sì kọ́kọ́ dáhùn. Nígbà tí ọjọ́ méje pé, Ìyá wa ká ìró wọn, wọ́n ní ó tán. Wọ́n sunkún nínú rélùwéè títí dé Ìbàdàn, wọn kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Gàní ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ilé òkun mọ́, àdéhùn ti parí. Iléyá 1920 dé. Lọ́jọ́ kejì ọdún, Múdàṣírù lọ mú Wàhábì ní Òkè-Oyi, ó mú Naimat lágbo ilé Bàbá Gàní, Hàlímọ̀tù gba àyè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, a sì gbé ẹní wa wọ ilé Ìyá wa ní Òkèlele. Wọ́n ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a ò lọ. Ìgbà tó yá, Bàbá Gàní wá fúnra wọn. Múdàṣírù dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní: “Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ wọlé wá jẹun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá yín lọ.” Bàbá Gàní bọ́ bàtà. Wọ́n wọlé, wọ́n jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, ilé Ìyá wa di ilé wa. Bàbá Gàní ti di olóògbé. Ọlọ́hun forí jì wọ́n, a ò bú wọn.

Ìyá wa kò fi mọ sórí ara wọn. Opó mẹ́ta ni wọ́n bá lọ jókòó níwájú lémọ́ọ̀mù, tí kò sí èyí tí wọ́n ṣú lópó nínú wọn. Ará ìlú ń pe Ìyá wa ní olóríkunkun nítorí rẹ̀. Wọ́n jẹ́ orúkọ náà.

Ìyá wa jáde láyé ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Fẹ́búárì, 1930, nínú oṣù àwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn Hàrúnà ṣì wà láyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́fà, tí Salimat jẹ́ àgbà wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Agbo ilé bàbá wa ránṣẹ́ pé kí a kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ ilé tó tọ́ ọ, Ọ̀fà lọ́tọ̀, Òkè-Oyi lọ́tọ̀, kí iyì ilé má baà nù. A kí wọn. Àwọn ọmọ olóògbé rèé, bí wọ́n ṣe bí wọn tẹ̀lé ara wọn: Múdàṣírù, Hàlímọ̀tù, Wàhábì, Naimat. Ìyá kan ló bí wọn, ìyá kan náà ló tọ́ wọn. Ẹni tó bá tún fẹ́ pín wa, kó bọ́ síta lónìí, lójú èèyàn gbogbo.

Ràúdátù Àdùnní, ọmọ Asabe amọ̀kòkò, sùn, kí ara tù ọ́. Kí Ọlọ́hun ṣe Àlùjánnà ní ilé fún ọ, ilé tí ẹnikẹ́ni kò ní lè lé ọ kúrò níbẹ̀. Àmín.