Èmi àti Òun Nìkan Létí Odò Ọ̀sẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá, 2025
Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́. Akínjídé ọkọ mi gbà! Sátidé 22, a ó wa mọ́tò tẹ̀lé odò Ọ̀sẹ̀ láti Àfọ̀ títí dé Ìfọ́n. Èmi àti òun nìkan. Àwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo ti gbàyè nílé ìwòsàn, wọ́n ti wá nọ́ọ̀sì tó máa dúró fún mi. Inú mi ń dùn bí ọmọ kékeré.

Ọjọ́bọ̀, 13
Abigail ń bá wa lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí ọ́fíìsì ọkọ mi ní kánsù. Akínjídé ní ọmọ Àfọ̀ ni, ó mọ̀nà. Mo ní ṣé a ò lẹ́nu tá a lè fi bèèrè ọ̀nà ni? Ó ní kí n má bẹ̀rẹ̀.
Mi ò bẹ̀rẹ̀. Atọ́nà ni màá máa pè é níbí.

Àìkú, 16
Atọ́nà ní ká ra bàtà rọ́bà. Atọ́nà ní ká yà jẹ ẹja lọ́dọ̀ ìyá òun. Akínjídé tí kì í rántí ọjọ́ ìbí mi ń rántí gbogbo ohun tó sọ! Ó tún ń rẹ́rìn-ín sí fóònù nígbà ìwàásù.
Mo ń jowú. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà — tèmi ṣì wà níbẹ̀ dáadáa.

Ìṣẹ́gun, 18
Ọkọ mi ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Láti lọ wo odò.

Ọjọ́rú, 19
Mo rí Atọ́nà lókèèrè, lẹ́nu géètì kánsù. Ó lẹ́wà. Ì bá burẹ́wà, ara ì bá tù mí.
Ọkọ mi bi mí bóyá wọn ò ní pè mí síṣẹ́ ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí. Mo ní wọn ò ní pè mí.

Ẹtì, 21
Ọkọ mi ń fọ mọ́tò níta. Mo wá nọ́ńbà Atọ́nà nínú fóònù ẹ̀, mo pè é. Mo ti to irọ́ mi sílẹ̀: mọ́tò ti bàjẹ́, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Mo ní èmi ni ìyàwó Akínjídé.
Ó kí mi dáadáa, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọ̀la o. Ọkọ yín ní ẹ ò lè kúrò níbi iṣẹ́, pé àwa méjì péré là ń lọ."
Gbogbo irọ́ tí mo tò pòórá lẹ́nu mi. Mo ní kó rìn dáadáa.
Akínjídé ṣì ń fọ mọ́tò. Ó ń súfèé.