Òórùn Máńgòrò Nínú Yàrá Adé

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ tutù bí omi àmù. Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ rírán, ẹ kú òjò Àkúrẹ́. Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ti rọlẹ̀? Ṣé àwọn oníkẹ̀kẹ́ Ọjà Ọba ṣì ń bá yín jà nítorí báàgì aṣọ yín?

Níbí lókè òkun, òjò kì í sán ààrá, ó kàn ń sẹ̀ ṣáá. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi fúnra mi ni mo máa ń kí ara mi káàbọ̀, mo sì máa ń dáhùn. Owó tí mo ń rí ń tó mi jẹun, díẹ̀ sì ń kù tí mo fi ń ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n kò lè ra ẹni tó máa bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ló mú mi kọ̀wé. Mo kọ ọ́ ní gbangba kí àwọn ìyá mìíràn lè kà á. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó gbà, àmọ́ ó ní kí n má dárúkọ òun, kí n pe òun ní Adé.

Màmá, ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ pè mí, tí ẹ̀rín kò jẹ́ kí ẹ sọ̀rọ̀ tán? Ẹ ní yàrá Adé ń ta sánsán, pé òórùn máńgòrò ń jáde níbẹ̀ nígbà tí kì í ṣe àsìkò máńgòrò. Ẹ ní ọmọ tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ lè lé ewúrẹ́ ti mọ lọ́fínńdà lò, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Fóònù kì í gbé òórùn. Ká ní mo wà nílé ni, ǹ bá ti mọ̀ ọ́n, nítorí òórùn yẹn gan-an ló máa ń kún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ rí ohun pẹlẹbẹ kan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, tí ọmọ aládùúgbò sì sọ fún yín pé fépù ni, sìgá oníbátìrì tí wọ́n fi adùn èso tan àwọn ọmọ jẹ. Mi ò dá yín lẹ́bi pé ẹ̀rù bà yín. Ṣùgbọ́n ẹ mú Adé lọ síwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ní kó kúnlẹ̀, kí gbogbo èrò nawọ́ sí i, títí kan àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jọ wà lẹ́gbẹ́ akọrin. Ọjọ́ kejì ló di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ lọ bá Bàbá tó bí yín ní Oǹdó. Ẹ ní kó má padà wálé títí ẹ̀mí sìgá yóò fi jáde lára rẹ̀.

Kì í ṣe àdúrà ni mo kọ̀, ẹ máa gbà á lọ. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à fi tòsì fà á mọ́ra. Ẹ má bínú, Màmá, tòsì yín dà?

Àwọn ọmọ ilé ìwé tí à ń ràn lọ́wọ́ níbí láti jáwọ́ nínú fépù, a kì í jágbe mọ́ wọn. Bí ọmọ bá kọ́kọ́ jáwọ́, orí á máa fọ́ ọ, inú á máa bí i lásán. A máa ń ní kó ṣe sùúrù, ọkàn tó ń fà á yóò rọlẹ̀. Kó mu omi, kó rìn, kó fi nǹkan mìíràn sẹ́nu. Ẹni tó bá ṣubú, a ó bi í ní ohun tó gbé e ṣubú, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣàlàyé èyí fún Bàbá lórí fóònù. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé nítorí àtikọ́ bí a ṣe ń fi nǹkan sẹ́nu ni mo ṣe lọ sókè òkun. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gé pákò fún Adé. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti fà sí fépù, àwọn méjèèjì á jókòó síwájú ilé, wọ́n á máa rún pákò. Adé ní ó korò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo òun bí olè. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ sọ fún Bàbá. Wọ́n gé pákò mìíràn fún un, wọ́n sì sún kó ráyè jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí bóyá ẹ ṣì máa ń kọrin bí ẹ bá ń ránṣọ. Ó ní ariwo máṣíìnì yín ló máa ń jí òun nílé, pé àárọ̀ Oǹdó dákẹ́ jù fún òun. Mo sunkún, Màmá. Ariwo yẹn ni èmi náà máa ń wá bí mo bá jí.

Ẹ dákun, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, kò jìnnà. Ẹ má wàásù fún un. Ẹ gba pákò lọ́wọ́ Bàbá, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ̀yin náà máa rún un. Lẹ́yìn náà kí ẹ mú un wálé. Ó lè tún ṣubú. Ẹ jẹ́ kó ṣubú sílé. Èmi kò rí ọkọ̀ tó lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lónìí. Ọmọ kan tó jìnnà sí yín ti tó.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, mi ò bínú sí wọn. Ẹ bá mi kúnlẹ̀ kí Bàbá. Tí ẹ bá rí Adé, ẹ fi tòsì yẹn fà á mọ́ra fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùsọ́lá