Aṣọ Pupa Lórí Oko Iṣu Wa

Túnmiṣe ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó níbẹ̀? Ilé ò ní jó ọ, ọ̀nà ò ní nà ọ́, ohun tí o bá fọwọ́ kàn kò sì ní í bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Èmi bàbá rẹ ń yọ̀ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ayọ̀ ọkọ ìyàwó. Láti ìgbà tí mo ti gbé Ràfíátù níyàwó ni mo ti ń sanra, ó ń sè fún mi bí wọ́n ṣe ń sè ní Àbíjàn níbi tó ti dàgbà, inú mi sì ń dùn ṣìnkìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, òun ni mo fi ń kọ̀wé.

Àwọn tó ń wọn ọ̀nà ńlá tí wọ́n ní yóò so wá mọ́ èyí tó ń lọ sí Àbíjàn ti dé oko wa. Wọ́n gbé ojú kan lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn ń yọjú wò ó. Mo ní fọ́tò ìgbéyàwó tí a ò rí yà ti dé. Èmi àti Ràfíátù sáré wọ aṣọ wa, a dúró níwájú rẹ̀, a rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ń juwọ́ sí ẹ̀gbẹ́, a bá sún mọ́ra. Ó tún juwọ́, mo bá fọwọ́ kọ́ ìyàwó mi lọ́rùn. Wọn ò tíì kó fọ́tò náà wá títí di òní, bá wa béèrè.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo rí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ káàkiri oko, aṣọ pupa lórí gbogbo rẹ̀. Ta ní í so aṣọ pupa sóko tí kì í ṣe ààlè tí a fi ń lé olè? Àlejò wá pàṣẹ pé kí n má fọwọ́ kan iṣu tí èmi fúnra mi gbìn! Ràfíátù ní àmì ọ̀nà lásán ni, kí n lọ wa iṣu mi. Mo ní ẹni tó dàgbà ní Àbíjàn ò mọ ààlè. Gààrí la ń mu, iṣu ń bẹ nílẹ̀. Bàbá rẹ àgbà, Ògúnbùnmi, ní ààlè la fi ń dá ààlè lóhùn. Mo bá so ṣùkù àgbàdo, ìgbálẹ̀ tó ti kú, àti bàtà kan tó ti jẹ tán tí mo rí lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n padà wá, Bàṣírù awakọ̀ wọn, ọmọ Masifa ìlú kejì wa, rí i. Kò tilẹ̀ yí ọkọ̀ padà, ẹ̀yìn ló fi rìn títí ó fi dé ojú ọ̀dà. Ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo, Bàṣírù ní kí ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ tó bá wù wọ́n, pé ìyá òun ò bí òun fún ọ̀nà. Wọ́n wá ránṣẹ́ pé tí n kò bá tú u kó tó di Jímọ́, àwọn yóò yí ọ̀nà náà, àti ọjà tí ọkọ̀ yóò ti máa kẹ́rù, gba Masifa.

O ti sọ lórí fóònù pé ojú ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni aṣọ pupa wà fún, o sì ní ẹ̀gẹ́ wa yóò gbówó lórí. Ògúnbùnmi ní ọkọ̀ tó kó iṣu wa lọ kò ní í padà lófo, ìrẹsì àti tòmátì àwọn ẹlòmíì ni yóò kó bọ̀, ta ni yóò wá ra tiwa? Èyí bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n òmíràn wà tí n kò lè sọ fún Ògúnbùnmi. Ràfíátù ti ń kọrin pé tí ọ̀nà bá parí, òun á máa lọ wo àwọn ọmọ òun ní Àbíjàn nígbà tó bá wu òun. Túnmiṣe, ọ̀nà tó lè gbé iṣu lọ, ṣé kò ní í gbé ìyàwó lọ?

Síbẹ̀, mo ti tú ààlè mi lánàá, kí a má baà pàdánù ọjà fún Masifa. Bí Ràfíátù ṣe rí bàtà yẹn ló figbe ta, àṣé èyí tó wọ̀ ti Àbíjàn wá ni, tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí! Mo bẹ̀ ẹ́. Ó wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó tọ ipa aṣọ pupa lọ títí n kò fi rí i mọ́. Mo dúró lórí ebè, mo ń wo ọ̀nà. Ìgbà tó yá ló yọ, ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀. Ó ní ebi yóò máa pa àwọn tó bá ń gba ọ̀nà yẹn kọjá, òun á máa ta àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ ní Àbíjàn, fún wọn, bí a bá ti lè ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́.

Nítorí náà, ọmọ mi, fi owó ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ kí ọ̀nà tó dé. Má ṣe ní kí n ra kékeré o. Èyí tó wúwo ni mo fẹ́, tí ẹnì kan ò lè dá gbé wọkọ̀.

Ọ̀nà tí o bá gbà lọ, òun náà ni wàá gbà bọ̀ wálé. Àṣẹ.

Èmi bàbá rẹ, ọkọ ìyàwó,
Oyèwọlé