Ọwọ́ Òsì Tí Wọ́n Fún Yín Nínú Fídíò

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ máa ń fẹ́ kí n kúnlẹ̀ kí yín dáadáa kí n tó rojọ́, ṣùgbọ́n lónìí, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ná. Inú ń bí mi.

Ṣé ẹ rántí fídíò tí mo ṣe ní fàráńdà yín ní Ṣakí, lọ́dún tó ṣáájú ikú yín? Ẹ gbé ọmọ aládùúgbò lé itan, ẹ po omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ẹ sì ń fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ẹ ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru ní gbogbo ọdún tí ẹ fi jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹ ò gbà kí n bẹ̀rẹ̀ àfìgbà tí ẹ lọ aṣọ funfun yín lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi iṣẹ́ wa ń ṣe ìwé ìlera kan tí àwọn nọ́ọ̀sì ìgbèríko yóò máa kà lórí tábílẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo jà kí fídíò yín wà nínú ojú ìwé náà gan-an, kó má jẹ́ pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọn yóò ti lọ máa wá a. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló wà ní Ìwéré-Ilé tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí? Mo fẹ́ kó jẹ́ pé bí nọ́ọ̀sì bá ti fọwọ́ kan àwòrán yín báyìí, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé tábílẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀ láti dán ìwé náà wò lọ́dọ̀ àwọn ìyá ọlọ́mọ. Mo fọwọ́ kan yín, ẹ yọ. Ọwọ́ òsì lẹ fi ń bọ́ ọmọ ọlọ́mọ! Àwọn obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Àfúsá tó ń ta kajú, tí ẹ gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ mẹ́ta, kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní Màmá Nọ́ọ̀sì tí òun mọ̀ kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, pé a ti ba orúkọ olóògbé jẹ́. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ. Kò sẹ́ni tó tún fetí sí ohun tí ẹ ń kọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ọmọ méjì ń yàgbẹ́ gbuuru lọ́wọ́ nínú àwọn tí wọ́n gbé wá.

Ta ló ṣe é? Ọ̀gbẹ́ni tó ń to ojú ìwé fún wa n'Íbàdàn. Ó ní ojú yín kọ sí etí ìwé, pé ó yẹ kí ẹni tó wà nínú fídíò máa wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ló bá yí i sí òdìkejì, bí àwòrán inú dígí. Ọ̀tún di òsì. Ọmọ Yorùbá ni o! Ó wo ìyá mi tó ń fọwọ́ òsì bọ́ ọmọ, kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Mo bú u lórí fóònù títí ohùn mi fi há. Ó bẹ̀ mí, ó ní ibì kan ṣoṣo lòun tẹ̀.

Ibi tí ìbínú mi ti kúrò lórí rẹ̀ nìyẹn, Màmá, tó wá bá yín.

Torí ẹ̀yin náà yí ọwọ́ èèyàn padà rí. Ọlọ́wọ́ òsì ni Ọlọ́run dá mi. Níwájú àlejò, ẹ ń pe ọwọ́ òsì mi ní ọwọ́ àlàáfíà. Nínú ilé, ẹ fi ata pa á, ẹ fi gèlè yín dè é mọ́ mi lẹ́yìn nígbà oúnjẹ, ẹ sì ń fi ìdí ṣíbí gbá mi ní eegun ìka. Ọdún mélòó ni? Nọ́ọ̀sì ni yín! Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àìsàn. Sùúrù tí ẹ ní fún ọmọ ọlọ́mọ, kí ló dé tí kò kàn mí? Títí dòní, bí mo bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, mo máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì mi pamọ́ sẹ́yìn.

Ohun tó tún ń bí mi nínú jù ni pé kí àwọn obìnrin yẹn tó rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi. Fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ìyá mi jọ mi.

Mo ti yí fídíò náà padà. Ojú yín kọ sí etí ìwé, kó máa kọ síbẹ̀. Lọ́la, mo ń lọ bẹ Ìyá Àfúsá, kí n sì fi yín hàn wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀ yín. Ọwọ́ yín ti bọ́ sípò. Tèmi ńkọ́, Màmá?

Èmi ni ọmọ yín, tó ń bínú sí yín, tí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíwọ́ nínú ìfẹ́ yín.