Ẹ̀rọ Yín Ní A Kò Sọ Ohun Tí A Sọ

Abdulhafeez ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Ara ìyá rẹ le, abo àgùntàn wa sì ti bí ìbejì, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn sí ọ, n kò sì ní sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ.

Lọ́jọ́ Alàmísì, èmi àti Ameerah àbúrò rẹ gun ọ̀kadà láti Òkè-Ọ̀pin lọ sí Òsí, sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Qòsím, kó lè gba àyè tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún un kí aago méjìlá tó lù. Qòsím tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní òun ti gbọ́. O mọ bí a ṣe tọ́ yín: ọmọ tí a rán níṣẹ́, a máa ń ní kó tún iṣẹ́ náà sọ ká tó jẹ́ kó lọ. Mo ní kí ẹ̀rọ náà tún un sọ. Ló bá ní Ameerah kò tíì gba nǹkan kan! Qòsím ní Bàbá, ẹ mú sùúrù, mo ní sùúrù wo, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ó pa á rẹ́. Àṣé àyè ọmọ la dá padà yẹn, wọ́n sì ti fi fún ẹlòmíràn ká tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìwọ tí ilé iṣẹ́ rẹ ṣe ẹ̀rọ náà fún wọn, o wá ń sọ fún mi lórí fóònù pé márùn-ún ni ẹ̀rọ náà, ọ̀kan ló ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mẹ́rin yòókù ń dà á kọ, àti pé èyí tí kò tíì dà á kọ tán ló dá wa lóhùn, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló fi pẹ́. Ọdún mẹ́fà ni Ameerah fi kàwé ní Ọ̀bọ-Ayégúnlẹ̀! O tún ní ẹ ti mọ àléébù yìí tipẹ́. Ṣé àwọn mẹ́rin yẹn ń gbowó oṣù? Bí wọ́n bá ń tòògbé, ẹ lé wọn, àwọn ọmọ tó mọ̀wé kò wọ́n níbí. Bí mo bá ta àgùntàn lójú ìyá rẹ, tí ẹnìkan bi Misturah ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà lóko, á ní òun ò mọ̀, ẹ bi ìyá. Kò ní búra pé àgùntàn ṣì wà lórí ìso. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹni tó fi etí gba ọ̀rọ̀ náà ni kó dá a lóhùn. Èyí tí kò tíì gbọ́, kó panu mọ́ títí yóò fi gbọ́.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, mo fẹ́ lọ bẹ ilé ẹ̀kọ́ náà ní Ìlọrin lójúkojú. Bí o bá sì lè wá, wá. Ameerah kò bá mi jẹun mọ́, ó ní èmi ni mo ba ayé òun jẹ́. Wá sọ fún un lójú mi pé ẹ̀yin ni.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o dé ẹnu ilẹ̀kùn tó gbà ọ́ láàárọ̀, kó ní òun kò mọ̀ ọ́ rí lọ́sàn-án.

Èmi bàbá rẹ,
Hassan.