Ìkẹ́dùn lórí Baba Ẹ-Tún-un-Sọ, Ògbufọ̀ Tó Di Òǹkọ̀wé Eré

Sí ìyàwó olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin,

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ńlá ni àwa ẹgbẹ́ òṣèré yìí fi ń kọ̀wé sí yín lórí ìpapòdà ọkọ yín, bàbá yín, ẹ̀gbọ́n yín, tí í ṣe òǹkọ̀wé eré wa. Láti ọjọ́ tí ìròyìn náà ti dé ni gbọ̀ngàn wa ti dákẹ́. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bí òṣèré kan bá gbé ìparí ọ̀rọ̀ mì níbi ìdánrawò, gbogbo wa á kọjú síbẹ̀, a ó máa retí ohùn rẹ̀.

Baba Ẹ-Tún-un-Sọ ni a ń pè é, ó sì mọ̀. Ó kọ́ wa láti máa sọ̀rọ̀ kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ títí dé ìparí. Àtúnsọ sú àgbà òṣèrékùnrin wa kan lọ́jọ́ kan, ó ní, “Baba, bí mo bá tún gbólóhùn yìí sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, òun fúnra rẹ̀ ló máa dá mi lóhùn.” A bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó dáa. Ẹ tún un sọ, ká gbọ́ ohun tó máa wí.”

Nígbà tí a wá kí yín, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin bi alága wa léèrè ìdí tí bàbá wọn fi máa ń ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ sọ nílé, àní bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́. Èrò pọ̀ nílé lọ́jọ́ náà, alága kò lè dáhùn. Olóògbé ti sọ ọ́ fún wa níbi ìdánrawò eré tó kọ kẹ́yìn. Ó ní òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́ fún ẹ̀yin ọmọ bí ara òun bá le. Ara náà kò le mọ́, ìyá yín sì ti ní ká kọ ọ́ síhìn-ín.

Kí ó tó máa kọ eré, ògbufọ̀ ni ní ilé ẹjọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú agégẹdú kan wá, wọ́n ní ó lu ọ̀rẹ́ rẹ̀ pa. Agégẹdú náà ní igi ló wó lu ọ̀rẹ́ òun. Nígbà tí agbẹjọ́rò ìjọba wá fún un pinpin pé kí ó sọ ohun tó ṣe fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an, ọkùnrin náà bú sẹ́kún, ó ní, “Mo pa á.” Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnìkan wọ́ bẹ́ǹṣì nílẹ̀ lẹ́yìn. Adájọ́ béèrè pé, “Kí ló wí?” Ògbufọ̀ dáhùn pé, “Ó ní òun pa á.” Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Agégẹdú kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́, ó kàn ń mi orí.

Nígbà tí olóògbé ń lọ sílé, ó gbọ́ tí obìnrin kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí nítorí korobá tí ọmọ náà gbàgbé sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní, “O tún ti pa á tì, àbí?” Ẹsẹ̀ olóògbé dúró. Mo pa á. Mo pa á tì. Apànìyàn ni yóò sọ ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ẹ̀rù bà, tó sá fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi, ni yóò sọ ìkejì. Èémí kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn.

Ó padà lọ bá akọ̀wé ilé ẹjọ́. Akọ̀wé ní, “Ṣé o lè búra pé o gbọ́ ‘tì’ yẹn?” Kò lè búra, nítorí kò gbọ́ ọ. Kò sì lè búra pé ọkùnrin náà kò sọ ọ́. Ẹ̀wọ̀n ni agégẹdú náà kú sí. Olóògbé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo eré rẹ̀ ẹ ó rántí. Ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, fóònù já. Aláìsàn kan na ọwọ́ sí nọ́ọ̀sì, ó la ẹnu, iná orí ìtàgé kú. Nínú gbogbo wọn, ẹnìkan á béèrè pé, “Kí ló wí?” Kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ọ́ pé ọgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a kà á fún un, ó ní, “Ọgbọ́n kọ́. Ìbẹ̀rù ni.”

Nínú eré tó kọ kẹ́yìn ló tó gbé ilé ẹjọ́ náà gan-an wá sórí ìtàgé. Ó wá ọmọ agégẹdú náà kàn. Aránṣọ ni, òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ. Olóògbé ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó wá wo ìdánrawò. Obìnrin náà wá, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Òṣèré wa sọ ọ́ já gaara: “Mo pa á tì.” Olóògbé sún mọ́ obìnrin náà, ó ní, “Ṣé bí bàbá yín yóò ṣe sọ ọ́ nìyẹn?”

Obìnrin náà di báàgì rẹ̀ mú. Ó ní, “Bàbá mi kì í lè parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń sunkún, sà. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tiẹ̀ sọ ọ́ jáde.”

Olóògbé jókòó. Ó ní, “A jẹ́ pé ohun tí mo ti ń tẹ́tí sí látọjọ́ yìí, ó lè má sí níbẹ̀.”

Aránṣọ náà ní, “Ẹ̀yin nìkan lẹ ṣáà tẹ́tí sí i, sà.”

Lẹ́yìn náà ni olóògbé ní kí òṣèré náà yọ “tì” kúrò. Ìdánrawò tó wá kẹ́yìn nìyẹn kí àìsàn tó gbé e dé ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin ẹbí, a kò ní gbé eré náà síta títí ẹ ó fi fún wa láyè. Bí ẹ bá sì ní ká má ṣe é rárá, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ nìyẹn. A ó máa bá ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ òṣèré lọ. Ìyàwó olóògbé kò ní dá nìkan wà níwọ̀n ìgbà tí a bá wà láàyè. Ilé wa ni ilé rẹ̀. Iṣẹ́ kan tún wà tí wọ́n rán wa. Aránṣọ náà ní ká bá òun tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti jókòó pẹ̀lú ẹbí níbi ìsìnkú. A kò dá a lóhùn, nítorí kì í ṣe tiwa láti dáhùn. Ohun tí ẹ bá wí ni a ó jẹ́ fún un.

Kí Ọlọ́run, tó mọ ohun tí ẹkún kò jẹ́ ká sọ, tù yín nínú. Kí ó fún ẹni wa ní ìsinmi, kí ó sì wà pẹ̀lú yín nínú ilé tó ti dákẹ́ yìí. Àmín.

Àwa ni tiyín nínú ọ̀fọ̀ yìí,
Alága àti gbogbo ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣèré